Níbo Lo Ti Rí Eléyìí?

Ọ̀rọ̀ orí rédíò lórí bí a ṣe ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ tí a kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí ló wà nídìí pírójẹ́ẹ̀tì tàbí tísíìsì, tí ẹ ń fojú kan wo kọ̀ǹpútà, tí ẹ ń fi ìkejì wo bátìrì rẹ̀, kó má lọ kú kí wọ́n tó mú iná dé. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga nìkan ni, ẹ má tíì yí rédíò yín sí ibòmíràn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń rówó dátà.

Ti ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà tísíìsì mi níwájú àwọn olùdánwò, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti kàwé, ìdí tísíìsì náà sì kún: odidi ojú ewé mẹ́fà ni mo fi to àwọn ìwé àti àpilẹ̀kọ tí mo lò. Bàbá àgbà kan ni olùdánwò tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Kò bi mí léèrè nípa orí kìíní, kò bi mí nípa orí kejì. Ẹ̀yìn ìwé ló ṣí lọ tààrà. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà mélòó kan, ó dúró lórí ọ̀kan, ó ní, "Níbo lo ti rí eléyìí?"

Mo ní, "Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, sà."

Ó ní, "Mo rí i pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Níbo?"

Mo ní líńkì rẹ̀ wà níbẹ̀, sà. Bàbá fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ líńkì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Líńkì ọ̀hún gùn tó ìlà mẹ́ta, nọ́ńbà àti ààmì oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́, ìró bọ́tìnnì nìkan la ń gbọ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ojú ewé kan ṣí: wọ́n ní kí bàbá kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nílé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa. Níbo ni bàbá ti fẹ́ rí ìyẹn? Ó yí ojú kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi kí n wò ó, kò sì sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kó sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n lọ tún ìtọ́kasí mi ṣe látòkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gbà mí, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ náà, èmi gan-an kò rántí ọ̀nà tí mo gbà dé ìdí wọn mọ́. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, irú líńkì yẹn kò sì tíì tán nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń wá bá mi.

Ta là ń kọ ìtọ́kasí fún? Ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni. Ó lè wà ní Ìlọrin, ó lè wà nílùú òyìnbó, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí. Ohun tó ń fẹ́ ni kó dé ìdí ohun tí a kà, kó ṣí i sí ojú ewé tí a wí, kó fojú ara rẹ̀ rí i bóyá bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà ṣe sọ ọ́ tàbí àwa la bù mọ́ ọn. Kì í sì í ṣe òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa nírú èyí. Babaláwo tó ń kifá, kó tó dé orí ohun tí Ifá wí, á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn awo tó dífá náà, á sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, á sọ ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá kì í lákìígbà, àwọn awo tó jókòó tì í á dá a dúró. Bàbá tó yí kọ̀ǹpútà sí mi lọ́jọ́ náà, awo tó dá mi dúró ni.

Ọ̀rọ̀ wá kan dátábéèsì, ibi tí a ti ń rí àwọn àpilẹ̀kọ yìí kà. Àká ni mo máa ń pè é fún àwọn ọmọ. Àgbẹ̀ ló gbin àgbàdo, àká ló bá a gbé e pamọ́. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ta ló ni àgbàdo yìí, ẹ ò ní dáhùn pé àká ló ni ín. Síbẹ̀, mo ti rí pírójẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ohun tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ ò ju "Google" lọ, òmíràn kọ "JSTOR" ó sì fi síbẹ̀. Google Scholar, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, kò tilẹ̀ tó àká. Ó dà bí ọmọ tó dúró létí títì tó ń nawọ́ fi ọ̀nà hàn yín. A kì í kọ orúkọ ẹni tó júwe ọ̀nà sára ilé tí a bá níbẹ̀.

Ìtàn JSTOR fúnra rẹ̀ dùn mọ́ mi, torí ọ̀rọ̀ pẹpẹ ìwé ló dá a sílẹ̀. William Bowen, tó ti jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Princeton kó tó bọ́ sí Mellon Foundation, wà nínú ìgbìmọ̀ Yunifásítì Denison ní Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé ìkàwé wọn ti kún, jọ́nà àtijọ́ ti gba pẹpẹ, wọ́n sì ń wá owó tí wọ́n á fi fẹ ilé náà. Bowen rò ó pé kí ló dé tí ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan á máa kọ́lé fún jọ́nà kan náà, nígbà tí a lè ya àwòrán ojú ewé wọn sínú kọ̀ǹpútà kí gbogbo ayé jọ máa lò ó? Ohun tó di JSTOR ní 1995 nìyẹn. Jọ́nà 10 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ti ọrọ̀ ajé àti ti ìtàn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí. Ohun tí ẹ ń rí nínú àká bẹ́ẹ̀ jẹ́ àwòrán bébà tí wọ́n ti tẹ̀ tipẹ́. Ojú ewé 91 tó wà lórí bébà náà ló wà lójú kọ̀ǹpútà yín. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti kà á, kò ní nọ́ńbà ojú ewé. Ó ní. Ẹ wo igun òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àká tiwa, African Journals Online, tí wọ́n ń pè ní AJOL. 1998 ni àjọ INASP tó wà ní Oxford dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2005, Gúúsù Áfíríkà ló ti ń ṣiṣẹ́, nílùú Grahamstown tó ti di Makhanda báyìí. Jọ́nà Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ lórí ọjà Bódìjà tàbí lórí aṣọ òfì ṣe máa ń wá gbogbo àká Amẹ́ríkà kiri, tí kò sì ní yà sí AJOL.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí líńkì tó dójú tì mí. Nígbà tí mo gba ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa wọ inú àká lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ náà fún mi ní ohun kan bíi tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara líńkì tó hàn lókè ojú ewé. Ìbẹ̀rẹ̀ líńkì náà jẹ́ orúkọ ilé ìkàwé wa, ààrin rẹ̀ jẹ́ orúkọ àká, ìparí rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ìjókòó mi lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe jáde ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kú. Èmi wá dà á kọ sínú tísíìsì mi, bí ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àná júwe ilé rẹ̀ fún àlejò.

Líńkì tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá ń kú. Ní 2014, Zittrain, Albert àti Lessig, àwọn olùwádìí ní Harvard, gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn líńkì tí àwọn amòfin ń tọ́ka sí. Nínú Harvard Law Review àti àwọn jọ́nà òfin mìíràn, ó lé ní 70 nínú 100 líńkì tí kò gbé ènìyàn dé ohun tí wọ́n tọ́ka sí mọ́. Nínú ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà, 50 nínú 100 ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́hùn-ún nìyẹn o, kì í ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ ìpele kẹrin.

Àwọn olùtẹ̀wé rí èyí ṣáájú. Ní 1997, níbi ìpàtẹ ìwé ńlá tó máa ń wáyé ní Frankfurt ní Jámánì, wọ́n kéde ètò nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní DOI. Nígbà tó di 2000, wọ́n dá Crossref sílẹ̀ kó máa bá àwọn oníjọ́nà forúkọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹni tó kó kúrò ní Mushin lọ sí Ìkòròdú, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kì í yí padà. Bí ẹ bá pè é, á gbé e. Bẹ́ẹ̀ ni DOI rí. Bí jọ́nà bá kúrò lọ́wọ́ olùtẹ̀wé kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, tí líńkì rẹ̀ sì yí padà, olùtẹ̀wé tuntun ló máa lọ kọ àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú pírójẹ́ẹ̀tì yín kò ní yẹ̀.

Ó yá, ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi àpilẹ̀kọ kan ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Ekeh, ọmọ Urhobo tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1975 tí àwọn onímọ̀ òṣèlú Áfíríkà ṣì ń tọ́ka sí títí di òní. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwùjọ méjì ló wà fún ọmọ Áfíríkà: àwùjọ ẹbí àti ìlú ẹni, níbi tí ẹ̀rí ọkàn ti ń ṣiṣẹ́, àti àwùjọ ìjọba, tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, níbi tí kò ti ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí ẹni tí kì í fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ò lè sùn mọ́ ọn lọ́wọ́? Òun ni Ekeh ń sọ. Àkọlé rẹ̀ ni "Colonialism and the Two Publics in Africa: A Theoretical Statement". Jọ́nà tó gbé e jáde ni Comparative Studies in Society and History, ìdìpọ̀ 17, nọ́ńbà 1, ojú ewé 91 sí 112.

Ẹ lè rí àpilẹ̀kọ yìí nínú JSTOR. Ẹ sì lè rí i lórí ibùdó Cambridge University Press tó ń tẹ jọ́nà náà. Àgbàdo kan náà ni nínú àká méjì. Bí ọmọ kan bá kọ JSTOR nìkan, tí èkejì kọ Cambridge nìkan, ẹni tó ń ka iṣẹ́ wọn lè rò pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. DOI kan ṣoṣo ló ní. Mo fẹ́ kà á díẹ̀díẹ̀: 10.1017, síláàṣì, lẹ́tà S ńlá, lẹ́yìn náà 0010417500007659. Ẹ kọ https://doi.org/ sí iwájú rẹ̀, ó ti di líńkì nìyẹn.

Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀ o. 10 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo DOI. 1017 ni ti Cambridge. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́jọ tó tẹ̀lé lẹ́tà S, 00104175: ISSN ni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà náà gan-an. Ìyókù ni ti àpilẹ̀kọ Ekeh. Kì í ṣe gbogbo DOI ni wọ́n ń hun báyìí, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ti eléyìí, inú mi dùn bí ẹni tó rí ìlà ojú ìdílé rẹ̀ lójú àjèjì.

Ọ̀fìn kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń já sí. Yàtọ̀ sí 1975, ojú ewé àpilẹ̀kọ náà lórí ibùdó olùtẹ̀wé tún gbé ọjọ́ tí wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Ekeh ti kọ ọ́. Ẹni tó bá yára á mú ọdún yẹn kọ. Lójú òǹkàwé, Ekeh á wá di ẹni tó ń fèsì fún àwọn tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń fèsì fún. Ọdún tí jọ́nà jáde ni kí ẹ mú.

Ní ti bí ẹ ṣe máa tò ó, ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín bá ní kí ẹ tẹ̀lé ni kí ẹ tẹ̀lé, kódà bó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò. N kò ní bá sùpáfáísọ̀ yín jà lórí rédíò. Ẹ̀dà keje ìlànà ìtọ́kasí APA, tó jáde ní 2019, fẹ́ orúkọ bàbá lákọ̀ọ́kọ́ àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yòókù, ọdún nínú àkámọ́, àkọlé, orúkọ jọ́nà ní lẹ́tà ìdagun, ìdìpọ̀, nọ́ńbà, ojú ewé, kí DOI wá kádìí rẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹ dárúkọ JSTOR rárá, torí àpilẹ̀kọ náà wà níbòmíràn. Kò sì fẹ́ fúlúsítọ́ọ̀pù lẹ́yìn DOI, kó má baà bá líńkì lọ. Ìlànà MLA, tí ẹ̀dà kẹsàn-án rẹ̀ jáde ní 2021, ní tirẹ̀ fẹ́ orúkọ àká. Ó kà á sí ohun kejì tó gbé àpilẹ̀kọ dání lẹ́yìn jọ́nà fúnra rẹ̀. Òun fẹ́ fúlúsítọ́ọ̀pù. Ìgbà tí APA pàápàá máa ní kí ẹ dárúkọ àká ni ìgbà tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni nǹkan náà wà, bíi tísíìsì kan tí ẹ rí nínú àká ProQuest. Ọ̀rọ̀ kọ́mà àti àkámọ́ kò tó ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lórí. Ẹ ṣí ìwé ìlànà, ẹ wò ó, ẹ tò ó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló tún yẹ ká dúró lé díẹ̀, torí ó kàn wá ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Bọ́tìnnì kan wà nínú Google Scholar àti nínú ọ̀pọ̀ àká tó ń bá yín to ìtọ́kasí. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé Táíwò lè jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ó sì lè jẹ́ orúkọ bàbá. Bí jọ́nà bá tẹ orúkọ bàbá ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ jọ́nà ilé wa ti máa ń ṣe, ẹ̀rọ á yí orúkọ náà po. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi òǹkọ̀wé kan ṣoṣo ṣe ènìyàn méjì. Ẹ ṣí àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ẹ wo bí òǹkọ̀wé ṣe kọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Bó bá fi ààmì ohùn sí i, ẹ fi sí i. Bí kò bá fi sí i, ẹ má bá a fi sí i, bó ti wù kí ìfẹ́ èdè wa pọ̀ tó lọ́kàn yín, torí bó ṣe wà lójú ìwé ni ẹni tó ń wá a máa fi wá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú àká, ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ààmì àti láìsí ààmì. Ẹni tó kọ Ọ̀ṣun àti ẹni tó kọ Osun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àká kì í mọ̀ pé odò kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ó ku ohun kan, ohun náà ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù báyìí. Ọmọ á wọlé wá bá mi, ìtọ́kasí rẹ̀ á mọ́ tónítóní, kọ́mà á wà níbi tó yẹ, DOI á gùn gbọọrọ. N ó da DOI náà kọ sórí doi.org, wọ́n á ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. N ó yẹ jọ́nà náà wò: jọ́nà wà, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ tó wà ní ojú ewé yẹn jẹ́ ti ẹlòmíràn. N ó wá bi í pé, "Níbo lo ti rí eléyìí?" Á wolẹ̀. ChatGPT tàbí irú rẹ̀ ló hun ún fún un. Kò yọ àgbà sílẹ̀ o. Ní New York, nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, Adájọ́ P. Kevin Castel bu ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ Mata àti Avianca, torí wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ kankan kò dá rí. ChatGPT ló pèsè wọn.

Ẹ̀rọ nìkan sì kọ́ ló ń mú wa purọ́. Ẹni tó ka abstract nìkan, tó wá tọ́ka sí ojú ewé 104, irọ́ ló pa. Ẹni tó rí ọ̀rọ̀ Ekeh nínú ìwé ẹlòmíràn, tó sì kọ Ekeh sílẹ̀ bí ẹni pé òun ṣí i, irọ́ ni òun náà pa. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí: Ekeh, gẹ́gẹ́ bí lágbájá ṣe tọ́ka sí i. Lágbájá yẹn lẹ kà, òun ni kó wà nínú ìwé ìtọ́kasí yín. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ wá ti Ekeh fúnra rẹ̀ kà. Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá sanwó àká, JSTOR máa ń jẹ́ kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ka ìwọ̀nba àpilẹ̀kọ lójú kọ̀ǹpútà lóṣooṣù.

Kí ẹ tó gbé pírójẹ́ẹ̀tì yín lọ fún ẹni tó máa dì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá fóònù ẹnìkan tí kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín. Fóònù ìyá yín dára fún un. Ẹ fi tẹ gbogbo líńkì tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ yín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá bi ìyá yín ní páásíwọ́ọ̀dù, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wá DOI rẹ̀ sí i. Irọ̀lẹ́ kan ló máa gbà yín. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe tèmi.

Fún ẹni tí bírò rẹ̀ ò tètè yọ nígbà tí mo kà á, DOI àpilẹ̀kọ Ekeh nìyí lẹ́ẹ̀kan sí i: 10.1017, síláàṣì, S ńlá, 0010417500007659. Ẹ lọ ṣí i. Ó dàárọ̀ o.